Ìparí Ìwé Ọlọ́kọ̀

Rédíò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé ó ń ta rédíò, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ẹnu rẹ̀ ló fà á. Láti ìgbà tó bá ti so épúrọ́ọ̀nù mọ́dìí láàárọ̀ títí wọ́n á fi pa áyọ́ọ̀nù nírọ̀lẹ́, obìnrin yìí kì í dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kó dákẹ́. Yàrá ìlọṣọ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ilé ìfọṣọ ńlá kan tó ń fọṣọ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Iwájú lọ́hùn-ún ni àwọn ẹ̀rọ tó ń pariwo wà. Ẹ̀yìn níhìn-ín, ooru ló kún ibẹ̀, àti áyọ́ọ̀nù tó ń ṣe ṣìì lórí aṣọ tútù. Ẹni tí kò bá rí ẹni dá a lára yá nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, kó tó di ọ̀sán, yóò ti máa tòògbé lórí àpò ìrọ̀rí.

Rédíò ló ń dá wọn lára yá. Bó bá sọ ti lanlọ́ọ̀dù rẹ̀ tó há sílé ìwẹ̀, tí gbogbo ayálégbé tò sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ní àwọn ò ní ṣílẹ̀kùn àfi tó bá ṣèlérí pé òun máa tún òrùlé ṣe, àwọn obìnrin á gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, wọ́n á di ikùn mú. Wọ́n ti gbọ́ ọ títí wọ́n fi mọ ibi tí lanlọ́ọ̀dù ti máa wúkọ́. Síbẹ̀ wọ́n á tún ní kó sọ ọ́.

Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín jù nínú wọn ni Ìkejì. Ìkejì ni òun àti Rédíò jọ ń pe ara wọn, nítorí pé bẹ́díṣíìtì òtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá ká. Ẹni méjì ní í di etí rẹ̀ mú, wọ́n á fà á kó le, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á rìn pàdé ara wọn, ọ̀kan á fi etí aṣọ lé èkejì lọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀ mú àárín rẹ̀ tó wà nílẹ̀. Ẹni tó bá mọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ kì í wolẹ̀. Rédíò àti Ìkejì ò wolẹ̀ rí. Ọmọ tí Ìkejì bí kẹ́yìn ti wọ iléèwé gíga báyìí, oyún rẹ̀ ló wà nínú Ìkejì nígbà tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ pọ̀. Bí wọ́n bá pàdé láàárín bẹ́díṣíìtì, imú á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú, ibẹ̀ sì ni Rédíò ti máa ń sọ gbólóhùn tó dùn jù nínú ìtàn, fún Ìkejì nìkan, kó tó wá sọ ọ́ sókè fún gbogbo yàrá. Ìkejì ló ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ohun tí Rédíò ní láyé yìí tó yá a lórí jù nìyẹn, kò sì mọ̀ pé ó lè bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìdérí áyọ́ọ̀nù olómi ṣí lójijì, omi gbígbóná sì bó obìnrin kan lọ́wọ́ ọ̀tún. Onígíláàsì ni wọ́n ń pè é, nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn. Ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ló máa ń wà, ní kọ̀rọ̀, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ ẹ kú iṣẹ́ lọ. Dókítà di ọwọ́ náà ní báńdéèjì títí dé ìgúnpá, ọ̀gá sì ní kó máa lọ sílé títí tí yóò fi san. Lílọ sílé, ká má tan ara wa, kò ní owó oṣù nínú. Ṣùgbọ́n yàrá ìlọṣọ ní ìṣe tiwọn tí wọ́n bá níbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá le kì í lọ sílé. Yóò wá jókòó sáàárín wọn, àwọn yòókù á pín òkìtì aṣọ rẹ̀ mọ́ra wọn, òun náà á sì máa fi ohun tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ wúlò: ẹlẹ́sẹ̀ dídùn á máa rán bọ́tìnnì tó já, ọlọ́wọ́ dídùn á máa pe iye aṣọ.

Ẹ sì gbọ́ o, Rédíò ló lọ bá ọ̀gá. Àwọn tó kù ń fojú pe ara wọn, òun ló wọ ọ́fíìsì, tó bẹ̀bẹ̀, tó pa ọ̀gá lẹ́rìn-ín, tó gba àṣẹ bọ̀ pé kí Onígíláàsì dúró. Igún ṣoore, igún pá lórí. Àkàlà ṣoore, ó yọ gẹ̀gẹ̀.

Àṣeparí rẹ̀ ni pé òun náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwé ìtàn kan fún Onígíláàsì. Ohun tí wọn kì í rí nínú bẹ́díṣíìtì òtẹ́ẹ̀lì kò sí. Wọ́n ti rí ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan, wọ́n ti rí kọ́kọ́rọ́, wọ́n rí eyín àtọwọ́dá nígbà kan tí ẹnikẹ́ni ò wá bèèrè. Ìwé yìí náà, inú aṣọ ló bá wá, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká kò, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dúró de olówó rẹ̀ lórí fèrèsé. Rédíò sọ ọ́ sórí ẹsẹ̀ Onígíláàsì, ó ní, “Ìwọ olójú mẹ́rin, kà á fún wa kí ọwọ́ yẹn má baà máa ro ọ́.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Onígíláàsì náà rẹ́rìn-ín. Ó fa àga sábẹ́ fèrèsé, ó sì ṣí ìwé.

Ìwé náà ò ṣe é gbé jù sílẹ̀. Ìtàn ọ̀dọ́kùnrin kan ni, tí ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí i. Odò kan wà lẹ́yìn ilé wọn, ọkọ̀ igi kan sì wà lórí odò náà. Bí èèyàn bá wọ ọkọ̀ yìí létí odò níhìn-ín, òní ni. Bó bá fi máa gúnlẹ̀ sódìkejì, àtijọ́ ló bá ara rẹ̀. Bí odò ṣe kún tó ní ń sọ bí àtijọ́ náà ṣe jìnnà tó. Bí omi bá fà, kò ju ọdún díẹ̀ lọ. Bí òjò bá rọ̀ tí odò kún àkúnya, ó lè gbé ọ lọ bá baba ńlá baba rẹ. Òfin kan ni ọkọ̀ náà ní: ohun tí o bá fẹ́ gbé bọ̀ láti ọ̀hún, o gbọ́dọ̀ fi ohun mìíràn tó wúwo bákan náà sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin yìí, tí àwọn obìnrin wá ń pè ní ọlọ́kọ̀, fẹ́ lọ gbé ìyá rẹ̀ bọ̀ kí ọjọ́ ikú tó pé.

Bó bá ti wọ ọkọ̀ báyìí, ọ̀ràn dé nìyẹn. Nígbà tí odò kún jù, ó bá ara rẹ̀ láàfin ọba àtijọ́ kan, ó fi tọ́ọ̀ṣì ta ọba lọ́rẹ kí wọ́n má baà pa á. Ọba gbé tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ìrọ̀rí títí bátìrì fi tán, ló bá ní ó ti kú, ló bá ní kí gbogbo ìlú wá sin ín. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọmọkùnrin kékeré kan jí bàtà rẹ̀ létí odò, ó sì lé e títí kó tó mọ̀ pé bàbá àgbà òun nìyẹn. Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín, omi ń jáde lójú wọn. Onígíláàsì tí kì í sọ̀rọ̀, ẹ wá gbọ́ ohùn lẹ́nu rẹ̀! Ó ń ṣe ohùn ọba, ó ń ṣe ohùn ọmọ tó jí bàtà, bó bá sì dé ibi tó le, á rẹ ohùn sílẹ̀ tí gbogbo yàrá á fi gbé áyọ́ọ̀nù dúró kí ṣìì má baà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Rédíò pàápàá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó wò ó pé láti àárọ̀, òun ò tíì sọ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni dáhùn.

Ó gbìyànjú. Nígbà tí Onígíláàsì dúró kó mu omi, ó yára gbé lanlọ́ọ̀dù jáde láti inú ilé ìwẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí à ń rín fún àlejò. Kò tíì dé ibi ikọ́ tí Ìkejì fi wí pé, “Ìkejì, jọ̀ọ́, fìyẹn sílẹ̀ ná. Ọlọ́kọ̀ ń bẹ lójú omi, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba ń lé e bọ̀.” Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Bí ẹni ń lé eṣinṣin ló ṣe sọ ọ́.

Owú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Kò pè é ní orúkọ mìíràn, ó mọ̀ pé owú ni. Àwọn àgbà ní owú a máa jẹ orogún. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un pé èèyàn lè jowú nítorí ẹni tí wọ́n jọ ń ká aṣọ. Ohùn Onígíláàsì ń bí i nínú. Awò ojú obìnrin náà ń bí i nínú. Báńdéèjì funfun tó ń fi ṣí ojú ìwé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń bí i nínú. Bí wọ́n bá ń ká aṣọ báyìí, Ìkejì kì í wo ojú rẹ̀ mọ́, etí rẹ̀ ló ń tẹ̀ sí fèrèsé, etí aṣọ sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Ìkejì! Rédíò bẹ̀rẹ̀ ṣà á nílẹ̀, ó kùn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohun tó kùn.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Onígíláàsì kó tó ka ibi tó pani lẹ́rìn-ín. Obìnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Òpó dìde, ó ní hẹ̀n-ẹ́n, a jẹ́ pé o ti ń yọ́ ọ kà ṣáájú wa nílé. Wọ́n bá ṣòfin: láti òní lọ, ìwé ò gbọdọ̀ kúrò níhìn-ín mọ́, inú dúrọ́ọ̀ lábẹ́ òwú ni yóò máa sùn, kí gbogbo wa jọ gúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Onígíláàsì gbà. Kò jiyàn.

Ṣùgbọ́n bí ìwé ò lè kúrò níbẹ̀, ẹni tó ń kà á lè kúrò. Ìkejì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Onígíláàsì rìn lọ sílé nírọ̀lẹ́, kí wọ́n lè máa bá ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ. Àdúgbò Onígíláàsì kò sì sí lọ́nà ilé Ìkejì. Rédíò ń dá dúró ní ibùdókọ̀, ó di báàgì mọ́ àyà, ó ń wo ẹ̀yìn àwọn méjèèjì títí wọ́n fi yà lọ́wọ́ iwájú. Ó ń kà á lọ́kàn pé ọwọ́ á san, òun á wò ó bí ẹni tó ń di áyọ́ọ̀nù mú ṣe ń kàwé.

Ìyẹn gan-an ló wá di ọ̀ràn. Ọ̀gá ní ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san ò lè gbé áyọ́ọ̀nù, pé bí wọ́n bá tú báńdéèjì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí Onígíláàsì bọ́ sí ti bẹ́díṣíìtì. Ẹnìkejì Òpó ti fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ sì ṣófo. Ní ọjọ́ Ẹtì, bí wọ́n ṣe pàdé láàárín aṣọ, tí imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú, Ìkejì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Ìkejì, mo ń rò ó pé kí n lọ máa bá Onígíláàsì ká a. Òpó ti yára jù fún ọwọ́ rẹ̀. Ìwọ lè bá Òpó ṣe é, abí?”

Rédíò ní, “Kò burú.” Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ó gba etí aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ nílẹ̀ kó tó nàró.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ṣe é. Ó dúró kí gbogbo wọn jáde, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó fa ìwé yọ lábẹ́ òwú, ó fi épúrọ́ọ̀nù dì í, ó kì í sísàlẹ̀ báàgì. Èrò rẹ̀ kò lọ́lá rárá. Yóò ka ìparí. Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò dá ìwé padà kí wọ́n tó dé, bí Onígíláàsì bá sì ti lanu báyìí, òun á sọ bí ìtàn ṣe parí, wàì, bí ẹni da omi síná. Ká wá wo ohun tí wọ́n á tún máa tẹ́tí gbọ́.

Ní Sátidé, nígbà tí ọkọ rẹ̀, ẹni tó ń kun ilé, ti gba ibi iṣẹ́ lọ, ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé, ó sì ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Kò yé e. Ta ló dúró létí odò? Kí ló dé tí kò bá wọn lọ? Ó ṣí ewé mẹ́ta padà, kò yé e síbẹ̀. Ó bú ìwé, ó bú ẹni tó kọ ọ́, ó wá padà síbi tí wọ́n dúró sí ní ọjọ́ Ẹtì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á.

Ohun tó wà lórí iná jóná. Ó pa iná, kò dìde ṣí ìkòkò wò. Nígbà tó dé ìparí, oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé, omijé sì ti dí i lójú tó jẹ́ pé gbólóhùn tó kẹ́yìn, ó kàn fi ojú fò ó kọjá ni. Ó wá ṣe ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀: ó ṣí ìwé sí ojú ewé kìíní. Gbogbo Sọ́ńdè ló fi kà á, títí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé. Ó rẹ́rìn-ín tọ́ọ̀ṣì ọba bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, nítorí pé lóòótọ́, inú tó ń bí i níbi iṣẹ́ ò jẹ́ kó gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó ń gbádùn rẹ̀, ó sì ń bínú pé òun ń gbádùn rẹ̀. Ta ló jókòó tó ronú kan ọkọ̀ tó ń wọn èèyàn bí òṣùwọ̀n? Òun tó ti ń sọ̀rọ̀ láti kékeré, irú rẹ̀ ò wá sí òun lẹ́nu rí. Ọkọ rẹ̀ wọlé, ó rí ojú rẹ̀, ó ní kó sọ díẹ̀ fóun nínú rẹ̀. Ó ní rárá. Ọkọ rẹ̀ wò ó títí, ó bèèrè bóyá ara rẹ̀ ò yá, nítorí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò bẹ̀ ẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ rí.

Bó ṣe wọlé ní ọjọ́ Ajé, Òpó ti ṣáájú rẹ̀ dé, dúrọ́ọ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀, òwú ti fọ́n ká orí tábìlì. Ìwé ti sọnù. Wọ́n tú àpò, wọ́n gbọn òkìtì aṣọ, wọ́n lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fọṣọ níwájú. Rédíò bá wọn wá a. Ó wólẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, báàgì tí ìwé wà nínú rẹ̀ ń fì lápá rẹ̀. Onígíláàsì jókòó sórí àga rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ọwọ́ lórí ẹsẹ̀. Inú Ìkejì bà jẹ́ bí ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé. Ó ní ṣé bí a ò ṣe ní mọ ìparí rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí ọkùnrin náà ti rí ìyá rẹ̀, oyún ti wà nínú obìnrin náà, wọ́n ti wọ ọkọ̀, ọkọ̀ sì kọ̀, kò lọ. Ṣé inú ọkọ̀ ni wọ́n máa wà títí ayé?

Òpó ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, Rédíò, ṣebí ìwọ lo ni ìtàn, bá wa parí rẹ̀ bó o bá ṣe rò pé ó lọ.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìkejì náà yíjú sí i. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí ojú yẹn ti dúró lára rẹ̀ gbẹ̀yìn, Rédíò sì la ẹnu kó tó rò ó.

Ó sọ fún wọn pé ọkọ̀ náà ń ka èèyàn ni. Àwọn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ìyá, ọkùnrin náà, àti ọmọ inú. Ṣùgbọ́n ọmọ inú yẹn àti ọkùnrin náà, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n. Ọkọ̀ ò lè gbé ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yé ọkùnrin náà, ó sọ̀kalẹ̀ sínú omi. Òun ni yóò dúró, òun náà ni yóò jẹ́ ìwọ̀n ohun tí wọ́n gbé lọ. Ó fi àjẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wà á, ó ní kó máa wo ọ̀kánkán, ọsibítù wà lókè etí odò lọ́hùn-ún, kí ọjọ́ ìbímọ tó pé. Obìnrin náà ò mọ̀ ọ́n, ọlọ́kọ̀ lásán ló rò pé ó jẹ́. Ó ní kó sọ orúkọ rẹ̀ kí òun fi sọ ọmọ òun. Ọkùnrin náà sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un. Ọkọ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, odò gbẹ, kò sì tún kún mọ́.

Rédíò ò fi ohùn kankan ṣeré. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù kan ò dún. Nígbà tó dé ibi tí odò gbẹ, ó dákẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ríran dé ní ọjọ́ Sátidé.

Ohùn kan jáde lábẹ́ fèrèsé, jẹ́jẹ́. “Kó tó di pé odò gbẹ, kò gbọ́ nǹkan kan láti òdìkejì?”

Rédíò wo Onígíláàsì, obìnrin náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú báńdéèjì. Gbólóhùn tó fi ojú fò kọjá ní Sátidé náà wá sọ sí i lọ́kàn.

“Ó gbọ́,” Rédíò ní. “Ó gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun. Ẹkún ara rẹ̀ ni.”

Òpó ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún, Òpó tí wọ́n ní kì í sunkún. Ìkejì fi bẹ́díṣíìtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ nu ojú, wọ́n ní láti tún un lọ̀. Wọ́n ní kódà bí ìwé bá wálé, kò lè parí dáadáa tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Ẹnì kan wá bi Onígíláàsì léèrè bóyá ó rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ìwé. Ó ní, “Ta ló mọ̀? Ibi tí gbogbo wa dé lèmi náà dé.” Ìkejì sì dì mọ́ Rédíò, ó ní, “Èmi yìí fẹ́ lọ bá ẹlòmíràn ká aṣọ? Orí mi ò pé.” Ohun tí Rédíò ń wá nìyẹn. Ó ti rí i gbà, kò sì lè gbé ojú sókè sí fèrèsé.

Nírọ̀lẹ́, ó bá Onígíláàsì lẹ́nu ẹ̀rọ omi tó ń fi ọwọ́ òsì bọ́ ojú. Ó bi í pé kí ló dé tí kò tú òun fó.

Onígíláàsì nu awò ojú rẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní òun ti ka ìwé náà tán nílé kí wọ́n tó ṣòfin dúrọ́ọ̀, òun ò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni. “Ojú ewé yẹn ni mo ń kà bọ̀ wá bá láti ìbẹ̀rẹ̀, mà. Mo ti mọ ibi tí mo máa ti rẹ ohùn sílẹ̀, mo mọ ibi tí mo máa dúró. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nínú yàrá yìí tí ẹnikẹ́ni kì í wo apá ọ̀dọ̀ mi. Mo máa ń wà nídìí kọ́là, mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ yín, owú yín á máa jẹ mí. Mo ní kí n ṣáà rí ọjọ́ kan tí wọ́n á sunkún nítorí ohùn tèmi.” Ó fi awò sójú. “Ọ̀la ni wọ́n máa tú báńdéèjì yìí. Bí ẹ bá rí ìwé náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà láàárọ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí n kà á fún wọn.”

Rédíò ní òun á wò ó. Ó dé ilé, kò lè jẹun. Ó ń rò ó pé obìnrin yìí, owú òun ló ń jẹ ẹ́, òun náà sì ń jowú rẹ̀, àwọn méjèèjì ì bá sì ti jókòó rẹ́rìn-ín síra wọn bí ẹnì kan bá ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìtìjú rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń tì í lójú tó, bẹ́ẹ̀ ló ń rántí ọwọ́ Ìkejì lọ́rùn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tètè dé, ó sì dá ìwé padà sábẹ́ òwú. Òpó ló rí i. Ariwo sọ. Onígíláàsì dìde, ojú rẹ̀ tàn, ó gba ìwé lọ́wọ́ Òpó, ó fi ọwọ́ oníbáńdéèjì wá ojú ewé. Ó fa àga sábẹ́ fèrèsé.

“Jọ̀ọ́, má kà á mọ́,” Ìkejì ní. “Bó bá parí síbòmíràn, á ba ti Rédíò jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀.”

Àwọn yòókù ní òótọ́ ni, pé ti Rédíò ti tẹ́ àwọn lọ́rùn, kí ìwé máa lọ. Onígíláàsì ò bẹ̀ wọ́n. Ó fi ìka kan há ojú ewé náà, ó gbójú sókè, ó wo Rédíò.

Gbólóhùn kan péré ló gbà. Kó ṣáà ní, ẹ jẹ́ kó kà á, inú ìwé ni mo ti rí i. Rédíò mọ gbólóhùn náà, ó ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti ta ahọ́n rẹ̀. Ìkejì wà níwájú rẹ̀, ó di etí bẹ́díṣíìtì méjèèjì mú, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ń dúró de ọwọ́ rẹ̀.

“Dá a padà sínú dúrọ́ọ̀,” Rédíò ní. “Ìtàn ti parí.”

Onígíláàsì yọ ìka rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Ó gbé e padà sábẹ́ òwú, ó ti dúrọ́ọ̀, ó gbé àga rẹ̀ padà sí kọ̀rọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, tí wọ́n tú báńdéèjì tán, ó lọ bá Òpó nídìí tábìlì rẹ̀, ó di etí aṣọ mú, aṣọ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo apá ibẹ̀ àfi Rédíò.